Ìlà Tó Kúrú

Nígbà tí Kafilat gba D7 nínú ìṣirò lẹ́ẹ̀kejì, kò sunkún. Ó ká ìwé èsì náà sí mẹ́rin, ó tì í sábẹ́ àpótí aṣọ, ó sì gbé kẹ́ẹ̀gì lọ pọn omi. Bàbá rẹ̀, Badmus, tó ń wa bọ́ọ̀sì láti Ọ̀kà sí Ìkàrẹ́, dúró dè é títí ó fi dé.

"Ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kò ní gbà ọ́ láìsí kírẹ́díìtì nínú ìṣirò," ló wí. "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kù tí màá gbà kí o tún un kọ. Bí kò bá bọ́ sí i, wàá lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ Àsíátù. Kì í ṣe gbogbo orí ló gba ìṣirò."

"Mo gbọ́, Bàbá."

Ọ̀rọ̀ orí yẹn ló bí i nínú. Ọdún kan gbáko ló fi bá bọ́ọ̀sì bàbá rẹ̀ lọ sí Ìkàrẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, sí ilé lẹ́sìnnì Ọ̀gá Ezekiel. Ogójì ni wọ́n níbẹ̀, lórí bẹ́ǹṣì tí kò ní ẹ̀yìn, òun àti Safinat ọ̀rẹ́ rẹ̀ a sì máa jókòó níwájú pátápátá. Ezekiel a máa sọ fún wọn pé kò sí ìdánwò WAEC tí kúádírátíìkì kì í wá, àti pé ẹni tó bá ti mọ fọ́múlà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní Ọ́máìtì ti ní máàkì lápò. Wọ́n há fọ́múlà náà sórí bí ọmọ ilé kéwú ṣe ń há súrà. Safinat ń kà á bó ṣe ń gbálẹ̀. D7 ni òun náà gbà, kò sì tún un kọ mọ́. Ó ti wà ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan ní Ìkun báyìí, ó ń sọ fún ẹni tó bá bi í pé òun kò lórí ìwé.

Kafilat kò padà sí lẹ́sìnnì. Ó rí ìwé ìṣirò àtijọ́ kan tí èèpo rẹ̀ ti ya, ó sì ń jókòó tì í lórí àpáta lẹ́yìn ilé lójoojúmọ́, lẹ́yìn ìrun Aláásárì. Ojú ìwé márùn-ún lóòjọ́ ni. Bí òjò bá lé e wọlé, á parí ti ọjọ́ náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìdánwò dé, ó kan kúádírátíìkì. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni 2x² + 5x − 3 = 0. Ó lo Ọ́máìtì kíákíá, ó sì rí ìyọkúrò mẹ́ta àti ìdá kan nínú mẹ́rin (−3¼), pẹ̀lú ìyọkúrò mẹ́fà àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin (−6¾). Ó ṣí ẹ̀yìn ìwé. Ìdajì àti ìyọkúrò mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ó ní ìwé yìí ti gbó, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ṣì. Ó ṣe ìkejì, kò bára mu. Ó ṣe ìkẹta, kò bára mu.

Ìwé náà sọ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ máa dá ìdáhùn padà sínú ìbéèrè, kí ó wò ó bóyá yóò di òdo. Ezekiel kò kọ́ wọn ní èyí rí. Ó ní àyẹ̀wò kò ní máàkì, ìfàkókòṣòfò ni. Kafilat fi ìyọkúrò mẹ́ta ti ẹ̀yìn ìwé sínú ìbéèrè. Méjìdínlógún, yọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, yọ mẹ́ta. Òdo. Ó fi tirẹ̀ sí i. Ó ku ọ̀kan àti nǹkan lé.

Ó wá gbé nóòtì lẹ́sìnnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé. Nínú ìwé, ìlà pípín gùn láti abẹ́ −b títí dé ìparí rúùtù. Nínú nóòtì tirẹ̀, abẹ́ rúùtù nìkan ni ìlà wà, −b dá dúró síta bí ẹni tí wọn kò pè wọlé.

Ó rántí pátákó Ezekiel. Pákó méjì tí wọ́n kàn pọ̀ ni, àlàfo tó gba ìka sì wà láàárín wọn. Ezekiel a kọ −b sí pákó òsì, á kọ rúùtù sí ti ọ̀tún, á sì fa ìlà láti etí àlàfo lọ, torí pé ṣọ́ọ̀kì a máa kán bó bá kọjá ibẹ̀. Ohun tó wà lójú pátákó ni ogójì ọmọ kọ. Òun náà ni wọ́n há, òun náà ni wọ́n lọ kọ síwájú olùdánwò. Ìbéèrè méjì ni Kafilat fi Ọ́máìtì ṣe lọ́dún náà.

Ó pa ìwé dé.

Lọ́jọ́ kejì, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìkàrẹ́. Kíláàsì ti kún. Ọ́máìtì wà lójú pátákó, ìlà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti etí àlàfo.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ìlà yẹn kò dé abẹ́ −b."

Ezekiel wò ó láti òkè délẹ̀. "Ẹ wo D7. Ó ti wá di ọ̀gá mi."

Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Kafilat dúró títí ẹ̀rín fi tán.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ṣe ọ̀kan fún wọn, kí ẹ dá ìdáhùn padà sínú ìbéèrè."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí àwọn ọmọ yìí wọ họ́ọ̀lù, o fẹ́ kí n máa ṣeré. Jókòó tàbí kí o jáde."

Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Hafeez ti ń kọ nǹkan lẹ́yìn. Ó gbé orí sókè. "Sà, mo ti fi ti ojú pátákó yìí ṣe ọ̀kan, mo sì dá ìdáhùn rẹ̀ padà. Kò di òdo."

"Tún un ṣe."

"Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, sà."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ezekiel fi àtẹ́lẹwọ́ nu pátákó, ó sì mú Kafilat jáde síta.

"Ṣé ó yẹ kí o sọ ọ́ lójú wọn?" ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ìlà mi gùn nínú ìwé tèmi. Pákó yẹn ló là. Mo ti ń sọ fún káfíńtà láti ọdún méjì sẹ́yìn."

"Ẹ mọ̀, sà?"

"Mo mọ̀ pé pákó là. Mo rò pé ẹ̀yin náà á mọ ibi tó yẹ kí ìlà dé."

"Ẹ̀yin lẹ wà níwájú wa, sà. Ta la bá tún wò?"

Kafilat wọlé padà, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó tún Ọ́máìtì kọ, ó sì fa ìlà kọjá àlàfo. Ṣọ́ọ̀kì kán. Ó fi èyí tó kù fà á parí. "Ẹ kọ ọ́ báyìí," ló sọ. Ó sì wá bọ́ọ̀sì lọ.

Lọ́jọ́ ìdánwò, kúádírátíìkì wá ní ìbéèrè kẹjọ. Kafilat kọ́kọ́ fa ìlà, ó gùn tó ìka mẹ́ta, kó tó kọ ohunkóhun lé e lórí. Ó dá ìdáhùn méjèèjì padà. Òdo. Òdo.

Ezekiel wà lẹ́nu géètì nígbà tí wọ́n jáde, ó ń dúró de àwọn ọmọ rẹ̀. Ó sún mọ́ ọn.

"Ó wá?"

"Ó wá, sà."

"Mo ti pààrọ̀ pátákó. Odindi pákó kan ni." Ó ń retí kí Kafilat dúpẹ́.

"Àwọn ti èṣí ńkọ́, sà? Ẹ ti lọ bá wọn nílé?"

Ezekiel wo bàtà rẹ̀. Ó ní wọ́n pọ̀, wọ́n sì ti fọ́n ká.

"Mo mọ ilé ọ̀kan," ni Kafilat wí. Ó na ọwọ́ sí ọ̀kadà tó ń bọ̀.

"Ibo, Àǹtí?"

"Ìkun. Ṣọ́ọ̀bù onídìrí ni."

Ó yọ nóòtì lẹ́sìnnì tó ní ìlà kúkúrú náà nínú báàgì, ó fi í há abíyá, ó sì gun ọ̀kadà.