Wọ́n Kan Ṣoṣo Nínú Ọkọ̀

1.

...nítorí náà mo tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, bí mo ṣe máa ń ṣe tí mo bá fẹ́ tú maṣíìnì ìránṣọ àwọn oníbàárà mi. Ìwé wà láàárín. Bírò wà lápá ọ̀tún. Mo kọ gbólóhùn méjì:

*Wọ́n wọ ọkọ̀ ní Ejinrin. Wọn ò padà.*

Mo kà á. Kò sí síkírúù kankan tó ṣẹ́kù sílẹ̀. Lójú tèmi, ó ti parí.

2.

ÌKÉDE
(lára ilẹ̀kùn yàrá ìkàwé àdúgbò wa, Ìkòròdú)

ṢÉ ÌTÀN WÀ NÍNÚ RẸ? WÁ KỌ́ BÍ A ṢE Ń KỌ Ọ́.
Gbogbo Sátidé, aago mẹ́wàá àárọ̀. Ọ̀fẹ́ ni.
Mú ìwé àti bírò. Fi ìgbéraga sílé.
Lópin oṣù kẹta, a ó tẹ ìtàn mẹ́ta sínú ìwé pẹlẹbẹ, a ó sì kà wọ́n sétí gbogbo ènìyàn ní Ẹ̀pẹ́.
Ẹni tí a bá ka ìtàn rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú ará ilé rẹ̀ kan wá.
Ọ̀gbẹ́ni Fáṣínà, olùkọ́.

3.

Ohun tí mo mọ̀ nípa bàbá mi:

Orúkọ: Bísíríyù.
Iṣẹ́: wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé èrò lọ sí ọjà Ejinrin.
Ọjọ́ orí mi nígbà náà: ọdún mẹ́rin.
Òjò: ó rọ̀.
Èrò inú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà: kò sí. Wọ́n ń padà bọ̀ wálé ni.
Ọkọ̀: wọ́n rí i.
Bàbá mi: wọn ò rí wọn.

4.

(Saheed ló fi fóònù gba ohùn wa sílẹ̀ ní kíláàsì. Ilé iṣẹ́ páálí ló ti ń ṣiṣẹ́, ní Industrial Estate. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ìtàn mi ti gùn sí i; mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á tán ni.)

SAHEED: Àǹtí Rodiat, ẹ jọ̀ọ́, èèyàn mélòó ló wà nínú ọkọ̀ yìí?

ÈMI: Ẹnì kan.

SAHEED: Ẹnì kan kẹ̀! Ẹ ní "wọ́n wọ ọkọ̀." Ẹ ní "wọ́n ń wo ojú ọ̀run." Ẹ ní "wọ́n rì." Mo ti ń ṣọ̀fọ̀ odindi abúlé níbí!

(Ẹ̀rín.)

ÈMI: Bàbá mi ni.

(Ẹ̀rín dá.)

SAHEED: Háà. Ẹ má bínú, àǹtí mi.

FÁṢÍNÀ: Má tọrọ àforíjì, ìbéèrè gidi lo bi. Rodiat, ìwọ mọ ẹni tí "wọ́n" jẹ́. Ẹni tó ń kàwé ò mọ̀. "Ó" ni kí o kọ.

ÈMI: Sà, mi ò lè pe bàbá mi ní "ó."

FÁṢÍNÀ: Tó bá ti dénú ìtàn, kì í ṣe bàbá ẹ mọ́. Ẹ̀dá inú ìtàn ni.

ÈMI: Ta ló máa bá mi ṣàlàyé ìyẹn fún ìyá mi?

SAHEED: Ẹ má wojú mi o.

5.

Ohun tí mo dán wò:

*Bàbá wọ ọkọ̀. Bàbá gbé àjẹ̀. Bàbá wo ojú ọ̀run.* (Ó dún bí ọmọ tó sọnù lọ́jà.)

*Bísíríyù wọ ọkọ̀.* (Mo wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan gbọ́.)

*Ọkùnrin náà wọ ọkọ̀.* (Ó dún bí ìwé ọlọ́pàá.)

*Ó wọ ọkọ̀.*

6.

Mo fa igi lé e lórí.

7.

Tí maṣíìnì bá ń já òwú, mi ò kì í lù ú. Mo máa ń tú u ni, kí n mọ ohun tí irin kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Mo tú "wọ́n" náà.

"Wọ́n" ni a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. "Wọ́n" kan náà la fi ń pe ẹni tí a ò mọ̀ rárá: wọ́n jà á lólè, wọ́n ní epo ti wọ́n. Irin kan, iṣẹ́ méjì.

Wọ́n ní wọ́n rì.

Nínú "wọ́n" méjèèjì yìí, mi ò mọ ẹyọ kan.

8.

WhatsApp kíláàsì wa, ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ọ̀gbẹ́ni Fáṣínà: Rodiat, ìtàn rẹ wà lára mẹ́ta tí a mú. Ọjọ́bọ̀ ni mò ń kó wọn lọ bá atẹ̀wé. Tí a kò bá mọ iye èèyàn tó wà nínú ọkọ̀ yẹn títí di ọjọ́ náà, ti Saheed ni màá fi rọ́pò rẹ.

Èmi: Ẹ ṣé sà. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mò ń lọ lọ́la. Tí wọ́n bá ní kí n má kà á, mi ò ní kà á.

Saheed: Àǹtí, ẹ má kánjú tún un ṣe o. Mo ti ra bàtà.

9.

Ó dé Ẹ̀pẹ́ lẹ́yìn ìrun Àsárì. (Èmi ni. Mo ní kí n kọ́kọ́ dán "ó" wò lára ara mi.) Ó kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀. Ó yọ ìwé jáde. Ó kà á, gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú "ó."

ÌYÁ: Ta lò ń pè ní "ó"?

RODIAT: Bàbá mi ni, mà.

ÌYÁ: O láyà.

RODIAT: Ẹ jọ̀ọ́ mà. Olùkọ́ wa ló ní...

ÌYÁ: Ṣé olùkọ́ yín ló bí ẹ ni? Tún un kà.

(Ó tún un kà.)

ÌYÁ: Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́ báyìí?

RODIAT: Mẹ́tàlélógójì, mà.

ÌYÁ: Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni bàbá ẹ nígbà tí wọ́n...

(Màmá fi ìka ṣírò.)

ÌYÁ: O ti jù ú lọ. Ìwọ lẹ̀gbọ́n báyìí.

RODIAT: Mà?

ÌYÁ: Èmi gan-an ò pè é ní "ó" rí. Ọdún márùn-ún la fi jọ gbé. "Wọ́n ti jáde." "Wọ́n ti dé." Bí àlejò. Irọ́ kan sì wà nínú ìwé ẹ. O ní ẹ̀rù omi ò bà á.

RODIAT: Ọlọ́kọ̀ ni wọ́n, mà.

ÌYÁ: Kò mọ lúwẹ̀ẹ́.

RODIAT: Mà?

ÌYÁ: Kò mọ̀ ọ́n rárá. Èmi nìkan ló sọ fún. Ta ló máa wọ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ tí kò mọ lúwẹ̀ẹ́? Àràárọ̀ ló máa ń dúró létí omi, á máa ṣe bí ẹni ń tún okùn so. Kì í ṣe okùn. Àyà rẹ̀ ló ń so ṣinṣin.

RODIAT: Ṣé kí n kọ ọ́?

(Màmá wo òde. Màmá wo ìwé.)

ÌYÁ: Bírò wà lọ́wọ́ tèmi ni?

10.

Ìwé pẹlẹbẹ, ojú ewé kẹsàn-án:

*Ó wọ ọkọ̀ ní Ejinrin. Ẹ̀rù ń bà á. Ó sọ fún okùn pé kó dì mú dáadáa.*

11.

Ohun tí ìtàn náà mú wá fún mi:

Ìwé pẹlẹbẹ méjì, ọ̀kan fún Màmá.

Àtẹ́wọ́ ní gbọ̀ngàn Ẹ̀pẹ́. Màmá ò pàtẹ́wọ́. Wọ́n fi gèlè bojú.

Saheed, tí wọn ò ka tiẹ̀, tó tún gbé àga Màmá dé ẹnu mọ́tò.

Ìpè kan láti Ẹ̀pẹ́, àárọ̀ Ajé. Màmá ò dúró gba ìkíni. "Ó máa ń kọrin fún ẹ," ni wọ́n wí, "ṣùgbọ́n ohùn ẹ̀ ò dáa rárá."