Ìkíni Bàbá Kò Gba Inú Ímeèlì

Jímọ̀ ni yìgì Mànsúrà, ọjọ́ sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Bàbá Abọ́dẹrìn, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò tíì fọhùn. Bàbá tó bí i ti kú. Ẹ̀gbọ́n yìí ló kù tó lè fà á fọ́kọ. Lémọ́ọ̀mù wọn ní Asafo, nílẹ̀ Asante tí Mànsúrà ń gbé, ti sọ ọ́ láìfepobọyọ̀: kí bàbá náà sọ̀rọ̀ sínú fídíò, kí gbogbo ènìyàn rí i. Láìsí ìyẹn, kò sí yìgì.

Kwaku ni ọkọ tó fẹ́ fẹ́, ọmọ Asante tó ń kan àga ní Anloga Junction, tó ti gba ẹ̀sìn. Ọmọ dáadáa ni, àmọ́ kì í ṣe Yorùbá, ohun tó ń já Mànsúrà láyà nìyẹn. Ó ń ṣí ímeèlì rẹ̀ ṣáá, òfìfo ló ń bá. Kí ó wá pe Bàbá, kí ó bi í léèrè? Kò jẹ́ dán an wò. Ọmọ ilé ire kì í kán àgbà lójú lórí ọ̀rọ̀ ọkọ. Ó gbà lọ́kàn rẹ̀ pé àgbà tó dákẹ́ ti kọ̀ ni, ó sì ń sunkún nínú yàrá rẹ̀ ní Krofrom.

Àfi bí fóònù ṣe dún láàárọ̀ Ọjọ́rú. Bàbá ni, ó sì ti gbaná jẹ.

“Mànsúrà, ṣé kò yẹ kí o dá mi lóhùn ni? Ojoojúmọ́ ni mò ń ránṣẹ́!”

“Bàbá, ẹ má bínú. Wallahi, n kò rí nǹkan kan gbà.”

“Oníkọ̀ǹpútà tó ń bá mi fi fídíò ránṣẹ́ ní ímeèlì rẹ ń dá a padà. Ó ní ó ti tóbi jù.”

Mànsúrà mí kanlẹ̀. Bàbá ò dákẹ́! Àmọ́ ẹni tó fẹ́ kọ̀ náà lè ránṣẹ́.

“Ṣé fídíò náà gùn ni, Bàbá?”

“Kò gùn. Mo kàn kí yín ni.”

Ẹni tó bá mọ àgbà Ògbómọ̀ṣọ́ mọ ohun tí “mo kàn kí yín” ń jẹ́. Ọ̀tọ̀ ni kíkí ilé, ọ̀tọ̀ ni kíkí iṣẹ́, ọ̀tọ̀ ni ti òjò tó rọ̀ lánàá. Ímeèlì wo ló fẹ́ gbé e? Mànsúrà rọra yọ́ ọ sọ: “Bàbá, ó ní ìwọ̀n tí ímeèlì lè gbé. Bóyá kí ẹ gé ìkíni yẹn kù díẹ̀...”

“Kí n gé kí ni?” Bàbá figbe ta. “Ta ni kí n yọ sílẹ̀ nínú àwọn àna mi? Ṣé ìyá Kwaku ni mi ò ní kí?”

Àna mi! Àṣé Bàbá ti gbà! Ẹ̀rín àti ẹkún dé pọ̀. “Ẹ má gé nǹkan kan mọ́, Bàbá mi! Kí oníkọ̀ǹpútà gbé fídíò náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ó wá fi líǹkì rẹ̀ nìkan ránṣẹ́. Líǹkì ò wúwo.”

Kí oòrùn tó mú, líǹkì náà ti dé. Mànsúrà sáré lọ sí Anloga Junction. “Kwaku, bra, máa bọ̀! Bàbá ti gbà!” Àwọn méjèèjì gbé fóònù tọ Máàmè Akosua, ìyá Kwaku, lọ.

Máàmè Akosua ò gbọ́ Yorùbá. Bàbá kí títí, ó ṣàdúà títí, kò sí ẹni tó ń kánjú mọ́. Nígbà tó yá, obìnrin náà gbọ́ orúkọ ara rẹ̀. Ó dìde, ó tún aṣọ rẹ̀ ró, ó sì dá fóònù lóhùn, bí àwọn Asante ṣe ń dáhùn ìkíni bàbá, pé, “Yaa, agya.” Kò sì jókòó títí Bàbá fi fa Mànsúrà lé wọn lọ́wọ́.