Ọ́fíìsì Tó Kún Ojú Kọ̀ǹpútà

Titus Ògúnjìmí kì í gbà pé kọ̀ǹpútà òun kéré. Bí àlejò bá wọ ilé rẹ̀ ní Joubert Park, ní Johannesburg, tó bi í pé ṣé mọ́nítọ̀ pẹlẹbẹ yìí náà ló fi ń ya àwòrán ilé, á rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí wọ́n bi léèrè bóyá ó mọ̀wé kà.

"Ohun tí ò ń wò yẹn, ojú rẹ̀ lásán ni. Inú rẹ̀ fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Òótọ́ ni, dé àyè kan. Titus ti wọ inú sẹ́tíńgì kọ̀ǹpútà náà lọ, ó ti pàṣẹ fún un pé kó máa ṣe bí ẹni pé ojú rẹ̀ fẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin bó ṣe fẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò mọ ìtìjú, ó gbà. Láti ìgbà náà, bí Titus bá ti ti máósì dé etí, gbogbo ohun tó wà lójú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ sápá kejì, èyí tó fara pamọ́ á sì máa yọjú bọ̀. Bí ẹni tó dúró sẹ́yìn fèrèsé kékeré, tó wá ń gbé fèrèsé náà rìn kiri ara ògiri, ló rí. Gbogbo àdúgbò lo máa rí, ṣùgbọ́n o ò ní rí ojúlé méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Damaris ìyàwó rẹ̀, tó ń kọ́ni ní ìṣirò ní yunifásítì, wo ọgbọ́n náà títí lọ́jọ́ tí Titus kọ́kọ́ fi hàn án.

"Bàbá Morádéyọ̀, ṣé ẹ ò kúkú ra mọ́nítọ̀ ńlá?"

"Kí n wá fi ṣe kí ni? Mo ti ní in."

"Ẹ ní in bí bàbá ìyá mi ṣe ní ilẹ̀ oko ní Ìmẹ̀sí. Títí wọ́n fi kú, wọn ò débi tó parí sí."

Ohun tí Titus kò ní, tí sẹ́tíńgì kankan ò sì lè fún un, ni orúkọ. Ní ọ́fíìsì tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Marshalltown, òun ló ń ya àwòrán, ẹlòmíràn ló ń fọwọ́ sí i. Ilé ńláńlá wà ní Sandton, àdúgbò àwọn olówó, tó jẹ́ pé òun ló ya àtẹ̀gùn wọn. Bó bá mú àlejò kọjá níbẹ̀, á nawọ́, á ní, "Àtẹ̀gùn yẹn, èmi ni." Àlejò á wo ara ògiri, á ka orúkọ ẹlòmíràn níbẹ̀, á wá sọ pé oòrùn ọjọ́ náà mú. Titus ní ìwé àṣẹ ayàwòrán-ilé pípé. Iṣẹ́ tí yóò fọwọ́ ara rẹ̀ sí ni kò tíì rí.

Ìdí nìyẹn tí oorun fi dá lójú rẹ̀ nígbà tí Ìjọ Aládùúrà Òkè Ìrètí ra ilẹ̀. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan nítòsí Park Station ni ìjọ náà ti ń jọ́sìn, níbi tí fèrè taxi ti máa ń bá wọn ṣe "Àmín" láàárín àdúrà. Wọ́n fẹ́ kọ́lé tiwọn báyìí, wọ́n sì kéde pé ayàwòrán tí ìgbìmọ̀ bá mú, orúkọ rẹ̀ á wà lára òkúta ìpìlẹ̀.

Àwọn mẹ́ta ni ìgbìmọ̀. Alága wọn ni Alàgbà Ọláwọlé, akáńtáǹtì tí kì í jókòó sórí àga tí kò bá ní apá. Ìyá Ìjọ, Màmá Tẹjúmádé, nọ́ọ̀sì àgbà ni wọ́n, agbẹ̀bí tó mọ ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo èèyàn, tí kì í sì í jẹ́ kí wọ́n gbàgbé. Ẹnì kẹta ni Ajíhìnrere Olúwafẹ́mi. Ìgbà tó bá ń tọrọ ẹ̀mí ìrẹ̀lẹ̀ ni ohùn tirẹ̀ máa ń ròkè jù lọ.

Ọ̀dọ̀ Kingsley ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Ọmọ ìjọ ni Kingsley náà, ayàwòrán-ilé ní Sandton, mọ́nítọ̀ rẹ̀ sì fẹ̀ bí aṣọ ìkélé. Wọ́n wọ rélùwéè Gautrain lọ bá a pẹ̀lú ẹ̀rín àti orin. Kingsley fi gbogbo pláànì náà hàn wọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yàrá gbogbo, ìlẹ̀kùn gbogbo, kedere bí ọ̀sán. Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn.

Ajíhìnrere fi ìka kan gíláàsì náà. "Ọ́fíìsì ta nìyí?"

"Ti Alàgbà ni, sà."

"Tèmi ńkọ́?"

"Òun nìyí, sà. Ẹ̀gbẹ́ tọ́lẹ́ẹ̀tì níbí."

"Ẹ̀gbẹ́ kí ni?"

"Tìẹ ṣì sàn," ni Ìyá Ìjọ wí. Wọ́n ti ń fi ìka wọn wọn ojú mọ́nítọ̀. "Ìka méjì péré ni tèmi. Ti Alàgbà tó ìka mẹ́rin. Èmi tí mo gbẹ̀bí ìdajì ìjọ yìí! Kingsley, ta ló gbẹ̀bí ọmọ rẹ?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Ìka méjì!"

Alàgbà ní kí wọ́n fara balẹ̀, pé ipò ló fa ìka mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ ìtùnú yìí ló dá ìjà náà sílẹ̀ gan-an. Kingsley, tí ìwé ti pọ̀ jù lórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé nípa ìwọ̀n àti ìdíwọ̀n. Ta ní í fi rúlà làjà àwọn àgbà ìjọ? Nígbà tí wọ́n máa padà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ rélùwéè kan náà, ṣùgbọ́n kálukú mú kọ́ọ̀ṣì tirẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n dé ọ̀dọ̀ Titus. Líífìtì ilé náà ti kú tipẹ́, nítorí náà Alàgbà ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ bọ́ sára mọ́nítọ̀.

"Èyí náà nìyẹn? Titus, Sandton la ti ń bọ̀ o."

"Ẹ jókòó ná, sà." Damaris ti wá àga tó ní apá fún un.

"Ó dáa. Fi gbogbo ẹ̀ hàn wá lẹ́ẹ̀kan, bí Kingsley ṣe ṣe."

Titus sún àwòrán náà kéré títí gbogbo ilé Ọlọ́run fi wọ inú mọ́nítọ̀. Orí mẹ́ta kọlu ara wọn níwájú rẹ̀. Ìyá Ìjọ bọ́ awò ojú, wọ́n tún un wọ̀.

"Kí lèyí? Èèrùn?"

"Sún un mọ́ wa jàre," ni Ajíhìnrere wí, "kí ojú wa má fọ́ kí ìpìlẹ̀ tó dúró."

Titus dá a padà sí bó ṣe wà. Ó ti máósì sápá òsì, àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, títí ọ́fíìsì Alàgbà Ọláwọlé fi gúnlẹ̀ sáàárín. Ó kún ojú mọ́nítọ̀ láti etí dé etí. Kò sí ohun mìíràn láyé yìí àyàfi ọ́fíìsì Alàgbà.

Alàgbà fẹ̀yìn ti àga. "Ó tóbi o."

"Ẹ̀yin náà lẹ tóbi, sà."

Ibẹ̀ ni Titus ti rí ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò rò tẹ́lẹ̀. Ó ti máósì sápá ọ̀tún. Ọ́fíìsì Alàgbà wọgbó lọ, ti Ìyá Ìjọ yọ dé, òun náà kún bámúbámú. Ìyá Ìjọ wò ó, wọ́n wá fi ojú àánú wo Alàgbà. Ti Ajíhìnrere tẹ̀ lé e, kò sí tọ́lẹ́ẹ̀tì kankan nítòsí tí ojú lè rí. "Ògo!" ni Ajíhìnrere kígbe. Wọ́n dìde tayọ̀tayọ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan ń káàánú àwọn méjì tó kù.

Wọn ò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán tí Alàgbà fi padà gòkè, ó ní òun gbàgbé fìlà, fìlà sì wà lórí rẹ̀.

"Titus, o káre. Má wulẹ̀ jẹ́ kí àwọn yẹn mọ̀ pé tèmi tóbi jù."

Ìyá Ìjọ náà fi fóònù pè é kó tó di alẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ti Ajíhìnrere wá gẹ́gẹ́ bí ìran.

Báyìí ni iṣẹ́ ṣe bọ́ sọ́wọ́ Titus. Ó pe ilé ní Àkúrẹ́, ó ní kí wọ́n sọ fún bàbá òun pé orúkọ ìdílé ti wọ ara òkúta ní Johannesburg.

Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá fi yàrá ńlá hàn, ohun tí yóò kó sínú rẹ̀ ni yóò kàn máa rò. Alàgbà fẹ́ balùwẹ̀ tirẹ̀. Ajíhìnrere fẹ́ yàrá tí yóò máa nà sí bí ìran bá rẹ̀ ẹ́. Ìyá Ìjọ fẹ́ ibi tí wọ́n á máa fi sùtánà ẹgbẹ́ wọn kọ́, kó ní dígí. "Shap, ó dáa, sà," ni Titus ń sọ, "ó ti parí, mà." Á ti ògiri síwájú díẹ̀, yàrá á fẹ̀, inú olówó yàrá á dùn. Ibi tí ògiri náà wá ń tì sí, ẹ̀yìn etí mọ́nítọ̀ ló wà, Titus kò sì lọ wò ó. Ta ni ìyẹn tiẹ̀ kàn?

Ọjọ́ tó fẹ́ tẹ pláànì náà sórí bébà fún ìjọba ìlú ló tó rí i. Ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní Marshalltown. Bébà ńlá náà jáde, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Titus máa rí iṣẹ́ ara rẹ̀ lódindi.

Ọ́fíìsì Alàgbà nasẹ̀ láti ẹnubodè dé àárín. Ti Ìyá Ìjọ gba ẹ̀gbẹ́ ìlà oòrùn. Ti Ajíhìnrere ṣe kọ́lọkọ̀lọ bí ejò, ó lọ pàdé yàrá ìsinmi rẹ̀. Titus wá ibi tí ìjọ máa jókòó sí, ó wá a, ó wá a. Ó bá a láàárín yàrá ìsinmi àti yàrá sùtánà: èrò taxi kan ò ní gba ibẹ̀ tán. Pẹpẹ ńkọ́? Kò sí pẹpẹ. Ibi tí pẹpẹ wà tẹ́lẹ̀, Alàgbà Ọláwọlé ti ń wẹ̀ níbẹ̀.

Ọkùnrin tó bá a tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ba wò ó dáadáa. "Eish, bùrọ̀dá," ó ní, "hòtẹ́ẹ̀lì yín yìí á rí oníbàárà o."

Nígbà tí Damaris rí bébà náà, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Orúkọ yín á wà lára ẹ̀ o! Titus Ògúnjìmí, ẹni tó ya ṣọ́ọ̀ṣì tí kò ní pẹpẹ. Ẹ sọ fún agbẹ́kùúta kó fi kún un pé balùwẹ̀ ẹ̀ dára."

"Má fi mí ṣẹ̀sín. Tí mo bá gba àyè yẹn padà lọ́wọ́ wọn, ọ̀dọ̀ Kingsley ni wọ́n máa gbà lọ. Tí n ò bá gbà á, wọ́n á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí Morádéyọ̀ á fi lọ́kọ."

"Ṣé bébà ni wọ́n ń wò ni?"

"Rárá. Kọ̀ǹpútà ni."

"Tẹ́ ẹ bá gé ọ́fíìsì wọn sí méjì, ṣé kọ̀ǹpútà á kéré sí i ni?"

Titus yíjú sí mọ́nítọ̀ rẹ̀.

Ó padà sídìí iṣẹ́. Ó gé ọ́fíìsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wálẹ̀. Ó lé Alàgbà kúrò nínú balùwẹ̀, ó gbé pẹpẹ padà sáyè rẹ̀, ó fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún àga síwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wọ inú sẹ́tíńgì, ó fi kún fífẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ń dọ́gbọ́n fẹ̀, ó tún fi kún un, àwòrán sì ń fẹ̀ tẹ̀ lé e, títí àjákù ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan fi kún ojú mọ́nítọ̀ bíi ti àkọ́kọ́. Fáànù kọ̀ǹpútà ń mí bí Alàgbà lórí àtẹ̀gùn. Titus kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni: ó kọ ìwọ̀n yàrá gbogbo sí etí bébà. Ẹni tó bá fẹ́ kà á, kó kà á.

Lọ́jọ́ ìfọwọ́síwèé, bébà wà ní kíká lórí tábìlì, kọ̀ǹpútà wà níwájú wọn.

"Ọ́fíìsì mi," ni Alàgbà wí. Ó yọ́ bọ̀, ó kún. Alàgbà fojú ṣẹ́ẹ́rẹ́ wò ó. "Ó jọ pé o tún ti fi kún un."

"Mo tún un ṣe, sà. Balùwẹ̀ yín ti kúrò lójú ọ̀nà, káwọn èèyàn má baà máa gbọ́ omi."

"O gbọ́n."

Inú Ìyá Ìjọ dùn sí tiwọn. Ajíhìnrere ké "Ògo!" Alàgbà ti yọ bírò jáde nígbà tí Ìyá Ìjọ sọ̀rọ̀.

"Titus, pẹpẹ ńkọ́?"

Kò sẹ́ni tó bi í léèrè rí. Ó ti máósì lọ, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yọ́ kọjá, àga yọ́ kọjá, pẹpẹ sì yọ dé pẹ̀lú àtẹ̀gùn rẹ̀ àti ọ̀pá àbẹ́là rẹ̀, ó kún ojú mọ́nítọ̀ láti etí dé etí. Ajíhìnrere tẹrí ba. Alàgbà wò ó, ó yọ awò, ó nù ún, ó tún wò ó.

"Ó dára," ó ní. "Ó dára púpọ̀." Ó húkọ́. "Àmọ́, Titus, ṣé kò ti wá tó ọ́fíìsì mi báyìí?"

"Kó tó kí ni, sà? Ẹ wò ó." Titus sáré ti máósì padà. Ọ́fíìsì Alàgbà dé, gbẹ̀dẹ̀gbẹdẹ, kò sí pẹpẹ níbi kankan.

Alàgbà mí kanlẹ̀. "Ẹ̀rù ti fẹ́ máa bà mí fún ìjọ."

Titus tú igun ìsàlẹ̀ bébà náà nìkan, ó fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ ìyókù mọ́lẹ̀ ní kíká. Alàgbà fọwọ́ sí i. Ìyá Ìjọ fọwọ́ sí i. Ajíhìnrere gbàdúrà kúkúrú tó gùn, ó fọwọ́ sí i. Lábẹ́ wọn ni Titus Ògúnjìmí wá kọ orúkọ tirẹ̀ sí, ó sì kọ ọ́ tóbi débi pé lẹ́tà mẹ́ta tó gbẹ̀yìn bọ́ sórí tábìlì.