Ìran tí Wọ́n Fi Ṣí Àgádágodo

"Kí ló ń rùn báyìí?"

Akínbọ́lá fa hańkáṣíìfù yọ, ó fi bo imú. Ó ti jókòó tán sórí àga onítìmùtìmù nínú pálọ̀ Wòlíì Jedidiah, àmọ́ ó tún dìde, ó lọ ti fèrèsé. "Àbí ẹran ló kú sẹ́yìnkùlé yín ni?"

"Ẹ̀gẹ́ ni," ni Rachel dá a lóhùn láti orí ẹní tó jókòó sí lẹ́bàá ìlẹ̀kùn. "Ẹ̀gẹ́ tí ẹ tì mọ́lé ni, Alága."

Wòlíì wúkọ́. Akínbọ́lá ò tijú rárá. Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n yìn, ó sì padà jókòó.

Òun ni alága ẹgbẹ́ òṣèlú tó wà lórí oyè ní Òjòwó. Òun náà ni wọ́n gbé iṣẹ́ gbígba owó ìtẹ̀síwájú fún. Orúkọ ẹlẹ́wà tí wọ́n sọ owó orí tuntun nìyẹn, èyí tí ìjọba àpapọ̀ bù lé gbogbo ẹ̀rọ tó ń mu epo, látorí ẹ̀rọ ìlàgi títí dé ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́. Epo ọ̀hún fúnra rẹ̀ ti gbówó lórí débi pé àwọn oníbàárà Rachel ń fi ọwọ́ rin ìdajì ẹ̀gẹ́ wọn nílé. Ìtẹ̀síwájú wo wá ni, nígbà tí gbogbo ìlú ń rìn sẹ́yìn bí akàn? Nígbà tí àwọn ọmọkọ́mọ Akínbọ́lá dé ilé ẹ̀rọ Rachel tó wà lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì, wọn ò tiẹ̀ dúró kí Rachel kó ẹ̀gẹ́ ẹlẹ́gẹ́ jáde. Wọ́n fi àgádágodo ńlá ti ìlẹ̀kùn, wọ́n fi ọ̀dà pupa fa ìlà gbọọrọ sára ògiri, wọ́n gun ọ̀kadà wọn, wọ́n lọ. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ẹ̀gẹ́ bíbó tó kún inú ilé ẹ̀rọ náà ti ń jẹrà. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ ti Abibat, tó ń yan gààrí ní òdìkejì títì. Wọ́n ti ilé ìyan-gààrí tirẹ̀ náà lọ́jọ́ kan náà, nítorí pọ́ǹpù omi kékeré kan tó ń lò.

Opó ni Rachel. Ẹ̀rọ yẹn ni ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un kó tó kú, òun ló fi tọ́ Ọláolú ọmọ rẹ̀, òun ló ṣì fi ń jẹun. Nǹkan kejì tó ní láyé ni ẹnu rẹ̀. Aríran ìjọ ni. Gbogbo ará ìjọ ló mọ̀ pé bí Ọlọ́run ò bá sọ̀rọ̀, Rachel ò ní sọ pé Ó sọ̀rọ̀. Ọlọ́jà pákó kan fa màlúù wá láti Japara nígbà kan rí kí Rachel lè bá a ríran pé ìyàwó kejì tó fẹ́ fẹ́ ni Olúwa yàn. Rachel kúnlẹ̀ títí àbẹ́là fi jó tán, ó dìde, ó ní, "Mi ò rí nǹkan kan." Wọ́n dá màlúù padà. Nítorí náà, bó bá sọ fún aláboyún pé kó lọ sí ọsibítù lónìí, aláboyún ò ní dúró se ọbẹ̀.

"Ìyá Aríran," ni Wòlíì bẹ̀rẹ̀, "olùdíje fún ipò ààrẹ ń bọ̀ wá bá wa jọ́sìn lọ́jọ́ Àìkú."

"Wọ́n káàbọ̀."

"Ó máa dín owó ìtẹ̀síwájú kù bó bá ti wọlé tán," ni Akínbọ́lá gbà á sọ. "Ìyẹn ni ìpolongo wa lọ́tẹ̀ yìí. Ìtura dé."

"Ṣebí ẹgbẹ́ yín ló bù ú fún wa?"

"Àwa la bù ú, Màmá. Ta ló tún lè bù ú kù ju àwa lọ?"

Ó sọ ọ́ tọkàntọkàn, ìyẹn ló bí Rachel nínú jù. Ẹni tó gbé ẹrù lé ni lórí ló tún ń bẹ̀ wá pé ká gbé òun gun ẹṣin, kí òun lè bá wa sọ̀ ọ́.

"Wọn ò ní kẹ́ ẹ purọ́ o," ni Wòlíì wí, ó sì ń fi ọwọ́ ra etí Bíbélì tó wà lórí tábìlì. "Kí ẹ kàn jẹ́ kí Ẹ̀mí lò yín níwájú wọn. Àwọn oníròyìn máa wà níbẹ̀."

"Bàbá, ṣé Ẹ̀mí ti bá ẹ̀yin sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ni?"

Wòlíì gbójú sókè. "Òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ń jò," ló wí.

Akínbọ́lá mú kọ́kọ́rọ́ kan jáde, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ Bíbélì náà. "Lọ́jọ́ Ajé, ilé ẹ̀rọ yín á ṣí. Ẹnikẹ́ni ò sì ní bèèrè owó ìtẹ̀síwájú lọ́wọ́ yín mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà rí Rachel lára. Ó yẹ kó dìde, kó gbọn ẹní rẹ̀, kó máa lọ. Àmọ́ ẹ̀kọ ló mu láàárọ̀, kò sì mọ ohun tí yóò jẹ lálẹ́. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

"Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, Ìyá Aríran," ni Wòlíì fi ohùn jẹ́jẹ́ wí.

Rachel wo kọ́kọ́rọ́ náà. Kò sì dìde.

Nínú ìjọ yìí, bàtà kì í tẹ ilẹ̀ mímọ́. Kò tíì pẹ́ tí Wòlíì lé ìyá arúgbó kan tó dá egbò lẹ́sẹ̀ jáde nítorí sálúbàtà. Lọ́jọ́ Àìkú, tòun ti bàtà dúdú tó ń dán gbinrin ni olùdíje fi wọlé. Àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ wọ bàtà ológun tẹ̀ lé e, wọ́n sì tẹ ẹrẹ̀ pupa mọ́ ẹní funfun tó wà níwájú pẹpẹ. Rachel wo Wòlíì. Wòlíì ti dijú, ó ń kọrin. Akínbọ́lá tí ẹsẹ̀ lásán tirẹ̀ ti wà nílẹ̀ wo bàtà ọ̀gá rẹ̀, ó sáré jáde lọ wọ tirẹ̀ padà.

Bí atẹ́gùn ti fẹ́, òórùn ẹ̀gẹ́ gba ojú fèrèsé wọlé. Olùdíje fi ọwọ́ gbọn iwájú imú rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ sí Akínbọ́lá létí, Akínbọ́lá sì na ìka sí ìta, ó ń mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ àwọn tálákà sú.

Wòlíì lu agogo. Ó wo Rachel.

Bí Ẹ̀mí bá ń bọ̀ lára rẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ ló máa ń gbà wọlé, òtútù kan báyìí bíi ti ẹni tó tẹ omi odò ní kùtùkùtù. Lọ́jọ́ náà, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbọ́ nǹkan kan. Ó dúró dè é díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbọn ara rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó figbe ta.

"Mo rí òkè kan! Mo rí ọkùnrin kan tó ń sọ ẹrù àwọn ènìyàn kalẹ̀! Wọ́n fi adé funfun dé e! Olúwa ní, 'Òun ni mo yàn!'"

"Halelúyà!" Àwọn ènìyàn dọ̀bálẹ̀, àwọn mìíràn ń sunkún ayọ̀. Akọ̀wé ìran kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láìfo ọ̀rọ̀ kan, bó ti máa ń ṣe. Nínú àwọn tó dọ̀bálẹ̀, Rachel rí Simeon, òṣìṣẹ́ ìlàgi, àti Miriam ìyàwó rẹ̀ tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù ìbímọ. Simeon ò pariwo. Ó kàn gbójú sókè, ó ń wo ipa ẹrẹ̀ tó wà lórí ẹní.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ṣí àgádágodo. Ìdin ń rìn lórí ẹ̀gẹ́ bí ìrẹsì tó ń hó. Rachel fi ìborùn di imú, ó ń fi ṣọ́bìrì kó o. Abibat dé pẹ̀lú garawa rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, òun náà ń kó.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Ọláolú."

"Ìyá Ràhmát, ẹ fi sílẹ̀. Màá kó o."

"Owó ilé-ìwé Ràhmát ni. Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ ara mi kó o." Àgọ́-Ìwòyè ni ọmọ náà wà ní yunifásítì. Abibat da garawa sí ẹ̀yìnkùlé, ó padà wá. Ó wo òdìkejì títì, níbi tí àgádágodo tirẹ̀ ti ń dán nínú oòrùn. "Mo gbọ́ pé Ọlọ́run ti bá yín ṣí tiyín. Alihamudulilai. Ẹ bá mi bi Í, bóyá kọ́kọ́rọ́ tèmi náà wà lọ́wọ́ Rẹ̀."

Kò gbóhùn sókè. Ì bá sàn bó bá bú u. Bí Rachel ti tún gbé ṣọ́bìrì, ọkọ̀ ìpolongo yọ ní kọ̀rọ̀, ẹ̀rọ gbohùngbohùn lórí rẹ̀, ohùn Rachel fúnra rẹ̀ ló sì ń han jáde nínú rẹ̀: "Olúwa ní, 'Òun ni mo yàn!'" Abibat dúró, ó tẹ́tí gbọ́ ọ tán. Ó gbé garawa, ó sì padà sídìí ìdin.

Lọ́jọ́rú, ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti bo ẹní funfun mọ́lẹ̀ pẹ̀lú òmíràn. Wọ́n ń kọ orin kejì lọ́wọ́ nígbà tí Rachel ṣàdédé rí i pé àtẹ́lẹsẹ̀ òun ti di yìnyín. Òtútù náà gba orúnkún rẹ̀ gòkè kíákíá. Ojú rẹ̀ bọ́ sára Miriam, sára ẹsẹ̀ lásán rẹ̀ tó wú gbẹ̀ǹdẹ̀kẹ̀, ó sì rí i nínú ẹ̀jẹ̀.

"Miriam!" Ó figbe ta débi pé orin dá. "Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù! Ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ yìí mọ́ bá a nílé! Mo rí ẹ̀jẹ̀! Ẹ gbé e lọ báyìí!"

Ẹnikẹ́ni ò dọ̀bálẹ̀. Akọ̀wé mú bírò, ó kọ́kọ́ wo Wòlíì, ó sì gbé e sílẹ̀. Miriam ti dìde, ó ń tún ìró rẹ̀ so. Simeon di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ló wí jẹ́jẹ́, bí ọmọ ṣe ń bá ìyá sọ̀rọ̀. "Ta ló san ti èyí?"

Rachel na ọwọ́ sí Miriam. Òtútù ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Miriam wò ó, ó wo ọkọ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ikùn, ó sì rọra padà jókòó.