Òjò Arimogija Tí Kò Hàn Lórí Ṣáàtì

Naimat, ọmọ Jìbírílù káfíńtà, ló kọ ètò kọ̀ǹpútà tí ọ́fíìsì àgbẹ̀ kan ní Ọ̀wọ̀ fi ń ṣọ́ òjò. Àwọn tó ń wọn òjò ní Elegbeka, Idoani àti Arimogija á fi fóònù fi iye tó rọ̀ lójúmọ́ ránṣẹ́ sí ibi ìpamọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní kíláòdù. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ọ̀gá á fà á láti ibẹ̀, á fi ya ṣáàtì, ọ̀pá kan fún ìlú kan. Bí òjò bá ṣe pọ̀ tó ni ọ̀pá á ṣe ga tó.

Lóṣù keje, odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Arimogija kò fi ní ọ̀pá rárá. Òdo ni. Ọ̀gá, Ìyáàfin Fúnmiọlá, ní ọ̀dá ló dé yẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó kọ lẹ́tà sí Àkúrẹ́ pé kí wọ́n fi táńkà omi ránṣẹ́ síbẹ̀. Naimat ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ lọ wò ó. Ìyáàfin ní kò burú, àmọ́ lẹ́tà ti lọ.

Lọ́jọ́ kejì Naimat gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni òun àti ọlọ́kadà ṣubú sínú ẹrẹ̀. Nígbà tó dé Arimogija, híjáàbù rẹ̀ ń kán tótó. Ó pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù.

"Màmá, òjò ń rọ̀ níbí."

"Ṣáàtì ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo wà nínú rẹ̀, mà."

Ìyáàfin Fúnmiọlá ní kó rọra, kí òtútù má bàa mú un.

Bàbá Olúgbádé, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ló gba iṣẹ́ wíwọn òjò Arimogija ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ó ní òun kò pa ọjọ́ kan jẹ, ó sì gbé fóònù rẹ̀ fún Naimat pé kó wò ó. Òótọ́ ni. *Mẹ́tàlélógójì. Méjìdínlógún.* Ọ̀rọ̀ ló fi ń kọ iye, nígbà tí àwọn ará Elegbeka máa ń kọ nọ́ńbà, bíi 43 àti 18. Ètò Naimat kò mọ ọ̀rọ̀ kà, ohunkóhun tí kò bá sì mọ̀, òdo ló ń pè é.

Naimat bẹ̀ ẹ́ pé kó máa kọ nọ́ńbà. Bàbá ní rárá.

"Nígbà tí mo jẹ́ igbákejì ọ̀gá," ló wí, "ẹnì kan sọ 3 di 8 nínú ìwé máàkì. Ọwọ́ mi ni wọ́n ti bá ìwé náà. Ọdún mẹ́fà ni wọn ò fi gbé mi sókè. N ò kọ iye tí ẹlòmíì lè fi ìlà kan yí padà mọ́."

Naimat wo ìwé àkọsílẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀, láìsí ìpàrẹ́ kan. Ojú tì í.

"Ẹ máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, sà," ló wí. "Èmi ni màá kọ́ kọ̀ǹpútà kó lè kà á."

Ọjọ́ méjì ló gbà á. Oókan dé ẹẹ́wàá kò yọ ọ́ lẹ́nu, àfi ibi tí Yorùbá ti ń yọ kúrò. Bí kọ̀ǹpútà bá rí méjìdínlógún, á fi méjì kún ogún dípò kó yọ ọ́ kúrò. Jìbírílù bàbá rẹ̀, tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí, jókòó tì í, ó ń pe iye lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń sọ ibi tó ti dín. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ọ̀pá Arimogija dìde, ó kọjá Elegbeka, ó kọjá Idoani, ó kan òkè ojú kọ̀ǹpútà.

Ìyáàfin Fúnmiọlá wò ó pẹ́. Ó ní ó jọ pé òjò ń rọ̀ ní Arimogija.

Naimat ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Ìyáàfin kọ lẹ́tà kejì sí Àkúrẹ́ pé kí wọ́n má fi omi ránṣẹ́ mọ́, àmọ́ táńkà ti gbéra. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló dé, ó sì rì sínú ẹrẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ìlú. Ọkùnrin méjìlá ló fi ṣọ́bìrì wà á jáde nínú òjò. Awakọ̀ sọ fún Bàbá Olúgbádé pé wọn ò ní kí òun gbé omi padà. Bàbá ní kó dà á sínú táǹkì ilé ìwé. Awakọ̀ béèrè bóyá omi wọn ò tó ni.

"Ó tó," ni Bàbá wí. "Ṣùgbọ́n ẹni tó ru omi wá láti Àkúrẹ́, a kì í ní kó rù ú padà."

Wọ́n gbé iyán fún un. Ó jẹ ẹ́, ó sì sùn síbẹ̀ títí òjò fi dá.