Ìṣísẹ̀ Márùndínlọ́gbọ̀n

Ọjọ́ kejì tí wọ́n ti sin Mùnírù ni ìròyìn ikú rẹ̀ tó dé Mamobi, àdúgbò wọn ní Accra. Ìlú tó kú sí wà lókè lọ́hùn-ún, lẹ́bàá ààlà, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í ti í dúró, òkú Mùsùlùmí kì í sì í dúró de ẹbí. Afeefah, àbúrò rẹ̀, ń bu omi sí gààrí ìyá wọn nígbà tí fóònù dún. Kó tó gbé e sílẹ̀, gààrí ti wú kún abọ́, kò sì sẹ́ni tó wò ó mọ́.

"Wọ́n ti sin ín?" ni ìyá ń bi í ṣáá. "Wọ́n ní kí ọmọ ẹni kú sàn ju kó nù lọ. Tèmi kú, ó tún nù. Ta ló wojú ẹ̀ gbẹ̀yìn?"

Sultan ni. Sultan, àfẹ́sọ́nà Afeefah, ló ń wa ọkọ̀ áńbúláǹsì tí Mùnírù ń tọ́jú aláìsàn nínú rẹ̀. Àwọn méjèèjì ni wọ́n yàn láti Accra pé kí wọ́n lọ fi oṣù mẹ́ta ṣèrànwọ́ lókè. Nígbà tó padà dé, kò wọlé. Ẹnu ọ̀nà ló bọ́ bàtà sí, ó jókòó, ó sì rò ó bó ṣe rí. Àdó olóró bú nínú ọjà, ọkùnrin kan kú. Oòrùn ti ń wọ̀. Mùnírù ní àfi kí àwọn gbé òkú náà kíákíá, kí wọ́n lè sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú, bí ẹ̀sìn ti wí. Sultan ní kó dúró. Kò dúró. Bó ṣe fọwọ́ kan òkú ni àdó olóró kejì bú.

"Ṣé ojú ẹsẹ̀ ló kú?" ni Afeefah bi í.

Sultan wolẹ̀. "Rárá. Ó ń pè mí."

"O lọ?"

"Mi ò lọ. Ó tó wákàtí kan kí àwọn ṣọ́jà tó yẹ ilẹ̀ wò tán."

Ìyá ti gbọ́ láti inú yàrá. Kò pariwo. Ó jáde, ó gbé bàtà Sultan, ó jù ú sí gọ́tà, ó sì padà wọlé.

Ohun tó ń jẹ Afeefah lọ́kàn jù ni pé Sultan mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe, nítorí pé ó ti kọ́ ọ. Lọ́dún tó kọjá, àyè kan ṣoṣo ló kù nínú ẹ̀kọ́ bí òṣìṣẹ́ ṣe lè dáàbò bo ara rẹ̀ lọ́wọ́ àdó olóró. Mùnírù ló kàn. Ó fi í sílẹ̀ fún Sultan. "Lọ, àna mi," ló wí, "kí àbúrò mi má baà tètè di opó." Wàákyè, ìrẹsì alẹ́wà, ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń jẹ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n.

Inú áńbúláǹsì ni Afeefah náà ti ń ṣiṣẹ́. Kò tó oṣù kan tí Mùnírù kú tí wọ́n pàṣẹ pé kí gbogbo wọn lọ kọ́ ẹ̀kọ́ náà. Àgbàlá kan ní Abossey Okai ni wọ́n lò, láàárín òkú ọkọ̀ tí wọ́n ti tú ẹ́ńjìnnì wọn tà. Ọ̀gá Àrówólò ló ń kọ́ wọn, ṣọ́jà àtijọ́ tó ti tú àdó olóró títí ìka rẹ̀ méjì fi bá a lọ.

"Àkọ́kọ́, ti ará ọjà ni," ló wí. "Èkejì, ẹ̀yin gan-an ni wọ́n rì í dè. Wọ́n mọ̀ pé aláàánú ni yín. Ẹ wo ìṣísẹ̀ márùn-ún yí ara yín ká, kí ẹ tún wo márùndínlọ́gbọ̀n. Ẹ má tẹ fóònù, ó lè mú àdó bú. Bí ẹ bá rí ohun tí kò yé yín, ẹ gba ojú ipa ẹsẹ̀ yín padà."

Ó yé Afeefah yékéyéké. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí ère tí wọ́n wọ̀ láṣọ, tí wọ́n tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bi í léèrè. Ó ti ń na apá ère náà tọ́, bí a ti ń ṣe fún òkú Mùsùlùmí, kó tó gbọ́ fèrè ọ̀gá.

"Ẹ wo ọmọ Aláàtà, ọmọ Yorùbá bíi tèmi," ni Ọ̀gá Àrówólò wí. "Ó ti kú tán, ó ṣì ń tún òkú ṣe."

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Afeefah ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kejì, Habiba, ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́, ni wọ́n fi epo pupa kùn bí ẹ̀jẹ̀, tó dùbúlẹ̀ bí ẹni tó fara pa. "Afeefah," ló ń pè, "jọ̀ọ́, máa bọ̀. Mo ń kú lọ."

Afeefah dúró. Ó wo ìṣísẹ̀ márùn-ún. Ó wo márùndínlọ́gbọ̀n. Ó rí wáyà tín-ínrín kan lábẹ́ táyà. Ó gba ojú ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ padà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ohùn Habiba sì ń tẹ̀ lé e. Omijé bò ó lójú, ṣùgbọ́n kò tún ṣíwájú mọ́.

"O yè," ni ọ̀gá sọ fún un jẹ́ẹ́.

Kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dùn ún tó bẹ́ẹ̀ rí.

Sultan ń dúró dè é lẹ́nu géètì, láàárín ariwo òòlù àwọn fítà tó ń tún ọkọ̀ ṣe. "O yege?"

"Mo yege."

"Afeefah, ṣé wàá dárí jì mí?"

"Kò sí ohun tí mo fẹ́ dárí ẹ̀ jì ọ́," ló wí. "Ohun tó tọ́ lo ṣe. Èmi náà ti ṣe é lónìí. Bí wọ́n bá ní kí n bá ọ wọkọ̀ lọ sókè lọ́la, màá bá ọ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi pè ọ́, o sì gbọ́. Ìgbàkígbà tí o bá pè mí nínú ilé, ohùn tiẹ̀ ni màá máa gbọ́. Mi ò ní fẹ́ ọ, Sultan."