Àdúrà Tí Mo Gbà Fún Àwọn Òpó Ilẹ̀ Gíríìsì

Kẹ́ ẹ tó ní kí n padà wá lọ́la, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rọ́ àlá tí mo lá lẹ́yìn iyán ọ̀sán òní fún yín. Ẹ má sì tíì máa rẹ́rìn-ín o.

Mo kàn rí i pé mo wà ní ilẹ̀ Gíríìsì, láàárín àwọn òpó òkúta funfun lórí òkè kan. Wọ́n ga fíofío, ṣùgbọ́n kò sí ògiri, kò sí òrùlé. Àánú wọn ṣe mí. Ẹ ṣáà mọ̀ pé èmi náà ní òpó mẹ́fà tí òjò ti ń pa láti ọdún méjìdínlógún, tí Àyọ̀ká ìyàwó mi ń bi mí pé ṣé inú ilé onílé lòun máa kú sí ni.

Ni mo bá kí wọn bá a ṣe ń kí ẹni tó ń kọ́lé: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọlọ́run á bá yín parí ẹ."

"Àmín!" Gbogbo wọn dáhùn. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn húkọ́, ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá. Láti ìgbà tí káfíńtà ti ní òun ń bọ̀ lọ́la la ti wà níbí."

Kò yà mí lẹ́nu rárá. Kí n tó ṣẹ́jú, ògiri ti ń hù, páànù ti ń bo orí wọn. Làwọn òyìnbó tó wá wòran bá bú sẹ́kún: "Àlàpà la wá wò! Ta ló tún un ṣe?" Gbogbo òpó náà nawọ́ sí mi.

Mo sá wọ oko àjàrà. Adágún wáìnì wà láàárín oko náà, ọ́fíìsì ìjọba kan sì ń léfòó lórí ẹ̀. Ọ̀gá kan tó wọ táì yọjú lójú fèrèsé, ó bu wáìnì sí ife, ó nà án sí mi.

Mo ní, "Ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò ná. Bí ẹlẹ́mu wa ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Ó tọ́ ọ wò títí ife fi gbẹ, ló bá di òbúkọ. Táì ṣì wà lọ́rùn ẹ̀, mo sì dọ̀bálẹ̀ fún un. Ọ̀gá kúkú ni ọ̀gá ń jẹ́.

"Bàbá Adéòtí," ó ní, "ẹ kó àdúrà yín padà. Ẹ buwọ́ lùwé níbí."

"Bí mo bá kó o padà ńkọ́?"

"Ibí á padà di àlàpà. Tiyín nílé náà á wà bẹ́ẹ̀ títí láé, àwọn èèyàn á máa wá yà á ní fọ́tò."

Ojú Àyọ̀ká ni mo rí. Mo pariwo, "Ta ló ń gba àdúrà kó tún wá kó o padà? Mi ò buwọ́ lu nǹkan kan!" Inú bí òbúkọ. Ó jẹ ìwé náà, ó fi bírò jẹ ẹ́, ó wá ké "mẹ̀ẹ̀ẹ̀!" sí mi létí.

Igbe yẹn ló jí mi. Àṣé òbúkọ aládùúgbò ló ń ké láàárín òpó mi mẹ́fà, níwájú ilé tá a háyà. Àlejò kan tí mi ò mọ̀ rí dúró níbẹ̀, ó gbé fóònù sókè, ó ń ya àwọn òpó náà ní fọ́tò. Ó rí mi lójú fèrèsé, ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa.

"Ẹ káàsán, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ti pẹ́ tí ilé yìí ti wó?"

Àyọ̀ká ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó kàn wò mí, ó sì ń ṣa ẹ̀wà ẹ̀ lọ. Ojú tì mí, ẹ gbọ́, ojú tì mí gan-an.

Ohun tó gbé mi wá sẹ́nu ọ̀nà yín nìyẹn, ẹ̀yin ará ilé káfíńtà. Ẹ lọ sọ fún un kó jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ti rí ẹsẹ̀ ẹ̀.